Ta Ló Gbé Ife Síbẹ̀?

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gba àwa òbí tó ń mu kọfí kò gùn: ẹ máa ṣọ́ra. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń po kọfí ní ìdájí, lẹ́yìn tí ẹkún ọmọ ti gba oorun lójú rẹ̀ láti òru, ìdí tó fi ń po ó ni pé ojú rẹ̀ kò tíì là. Ta ni yóò wá bá a ṣọ́ ife náà? Ṣé òun fúnra rẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá ṣúgà ló bù sí i àbí iyọ̀? Bí ara rẹ̀ bá yá tó láti ṣọ́ nǹkan ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ló fẹ́ fi kọfí ṣe? Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ kọfí àti ọmọ kéékèèké kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣọ́. Ibi tí ife ń jókòó sí ni, àti bí ohun inú rẹ̀ ṣe gbóná tó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ lórúkọ ẹgbẹ́ wa, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ni mí. Àwa la máa ń gbé ife sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga, ká lè ráyè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ fóònù. Àwa la máa ń gbé e lé apá àga tìmùtìmù tí kò tẹ́jú. Àwa la máa ń fi aṣọ ọ̀ṣọ́ bo tábìlì, kí etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí ọmọ tó ń kọ́ ìdìde lè rí nǹkan dì mú. Àwọn kan nínú wa a gbé ọmọ lé itan, wọn a máa gbé ife kọjá lókè orí rẹ̀. Àwọn mìíràn a pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí da omi híhó láti inú kẹ́tùlù, wọn a sì gbàgbé pé ẹni ẹ̀yìn náà ní ọwọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àmọ́ pẹpẹ làwọn àgbà wí. Wọn kò mẹ́nu ba tábìlì àárín pálọ̀, tí kò ga ju orúnkún wa lọ, tó sì ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àyà ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró. Láti ibẹ̀, ọmọ kò rí inú ife. Etí rẹ̀ nìkan ló rí, yóò sì fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ojú, ọrùn, àyà àti apá ni irú ìjóná yìí máa ń bà, tí àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fara gbá a. Ọmọ kì í sì í ránṣẹ́ síni pé lọ́la lòun máa bẹ̀rẹ̀ sí rá.

Àwọn kan yóò ní mo ń sọ ọ́ di ńlá, ṣebí kọfí lásán ni. Lọ́dún 1947, onímọ̀ méjì ní Harvard, Moritz àti Henriques, wo bí ooru ṣe ń ba awọ ara jẹ́. Ní 60°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ti tó láti jó awọ àgbàlagbà dénú. Ní 49°C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Awọ ọmọdé sì fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Àwọn tó ń rí sí ààbò ọmọdé ní Ìlú Ọba ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ife tó ti wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ṣì lè jó ọmọ.

Ṣùgbọ́n gbígbóná ló dùn, àbí? Níbí la ti ń tan ara wa jẹ. A kì í mu ún bó ṣe hó. À ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, à ń yọ ahọ́n síta. Fredericka Brown àti Kenneth Diller ní Texas ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2008, wọ́n fi adùn wé ewu ìjóná, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí nǹkan bí 58°C. Lọ́dún 2016, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ní ó ṣeé ṣe kí ohun mímu tó gbóná ju 65°C lọ máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti fi kan kọfí fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi omi híhó yọ́ kọfí inú sáṣẹ́ẹ̀tì dé ìdajì ife, kí ẹ fi omi tútù tàbí mílíìkì kún ìyókù. Yóò wá sí nǹkan bí 60°C. Ó ṣì lè jó ọmọ, nítorí náà orí pẹpẹ náà ni ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó tètè mu ún tán. Àwọn tó ń lọ hóró kọfí fúnra wọn yóò bú mi. Mo gbà.

Ẹlòmíràn á ní òun ti ra ife ọlọ́mọrí tó ń pa ooru mọ́. Ó dára, bí ọmọrí rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí à ń lọ́ pa. Èyí tí a kàn tẹ̀ mọ́ ọn á ṣí bó bá ṣubú. Àmọ́ nǹkan tútù ni James Dewar, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe fláàsì, fẹ́ fi tọ́jú lọ́dún 1892. Àwa ń fi tọ́jú ewu. Ife lásán á ti tutù kí wákàtí méjì tó pé, ti fláàsì á ṣì máa dúró de ọmọ ní ọ̀sán. Àwọn ìyá wa ńkọ́, tí wọ́n ro ẹ̀kọ lórí ààrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí a sì dàgbà? Àwa tí kò ní àpá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ilé wọn sì kún: ìyá àgbà wà, àbúrò ọkọ wà, ẹni tí yóò gba ọmọ kò wọ́n. Nínú fúláàtì Èkó lónìí, ìwọ, kẹ́tùlù àti ọmọ nìkan lẹ jọ kù.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní wàhálà tirẹ̀. Lọ́dún 2015, EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, ní kaféènì tí kò ju 200 mg lọ lóòjọ́ kò léwu fún ọmọ náà. Ìyẹn tó nǹkan bí ife méjì. Ara àgbàlagbà ń dín kaféènì kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ti ọmọ tuntun lè gba ọjọ́ mẹ́ta, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ kò jẹ́ kí ìyá sùn, ìyá mu kọfí, kọfí bá ọmú lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ tún la ojú kalẹ̀.

Bí kọfí gbígbóná bá wá dà sí ọmọ lára, ẹ bọ́ aṣọ tó rin, àyàfi èyí tó ti lẹ̀ mọ́ awọ, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tútù ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe omi dídì o. Bí ẹ̀rọ kò bá yọ, ẹ máa fi ike bu ti inú kẹ́ẹ̀gì dà á díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ilé ìwòsàn. Àkókò yìí gan-an ni ará ilé á sáré dé, ọ̀kan pẹ̀lú epo pupa, ọ̀kan pẹ̀lú ẹyin, ọ̀kan pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ gbé e padà sí kíṣìnì, kí ẹ sì rán ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù nínú wọn lọ pe ọkọ̀.