Àlàbí, Ta Lebi Ń Pa?

Àlàbí, jókòó dáadáa. Inú fóònù ni mo ti ń wò ọ́ o, ṣùgbọ́n mo ní kí o jókòó. A kì í bá ọmọ tó nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì sọ ọ̀rọ̀ àgbà.

Láàárọ̀ lo gbé erè rẹ síwájú kámẹ́rà, tò ń yan pé, "Bàbá, ẹ wo bó ṣe sanra!" Mo wò ó. Ara rẹ̀ ti wú débi pé ìpẹ́ ya kúrò lára ìpẹ́, awọ ń yọ láàárín wọn bíi ẹ̀wù tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò dé mọ́. (Ìyá rẹ ní kí n má dá ọ̀rọ̀ ẹ̀wù tó há sílẹ̀. N kò dá a lóhùn.)

O ní èkúté ńlá kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lò ń fún un. Erè tó ti dàgbà! Nínú igbó Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tí irú rẹ̀ ti wá, ta ló ń gbé àwo tọ̀ ọ́ lọ ní gbogbo Sátidé? Ní ìlú Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bọ erè, wọ́n máa ń jẹ́ kó jáde lóru lọ wá eku fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bọ gan-an ń ṣiṣẹ́ kó tó jẹun!

Eku tí kò tóbi ju ibi tó ki jù lára rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ti tó o. Òkú eku inú fìrísà ni kó jẹ́, kó yọ́, kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èkúté ààyè a máa bu ejò jẹ. Tó bá gbé e mì, fi í lọ́rùn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, fọ́tò lè dúró. Jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 32 Celsius, torí ara rẹ̀ kò ní iná tirẹ̀. Bí òtútù bá mú un, oúnjẹ kò ní dà, á bì í.

Bó bá kọ oúnjẹ fún oṣù méjì, má sunkún pè mí. Gbé e lé ìwọ̀n. Bí kò bá tíì fúyẹ́, ìwọ lebi ń pa, kì í ṣe òun.

Ní 2020, ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, irú erè yìí kan tó ti wà níbẹ̀ láti 1961 yé ẹyin méje. Ìyá àgbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún! Tìrẹ kò tíì pé mẹ́fà, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Dúró ná. Ìyá rẹ ti gbé àmàlà dé, ẹ̀ẹ̀kẹta òní nìyí. Jẹ́ n fọwọ́.