Ìjàpá àti Káàdì Àwìn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nígbà tó kó lọ sí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ má bi mí bó ṣe rí físà gbà. Ìjàpá ni, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé àwọn ẹranko ìlú náà kì í ka owó. Wọ́n á fa ike pẹlẹbẹ kan yọ lápò, wọ́n á fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dún píì, wọ́n á sì gbé ẹrù wọn lọ. Ó bi Ajá pé kí lèyí. Ajá ní káàdì àwìn ni, rà á lónìí, sanwó rẹ̀ tóṣù bá parí. Itọ́ dà lẹ́nu Ìjàpá. Àwìn tó mọ̀ nílé ni ti òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí wọ́n á gbé ọjà fúnni tẹ̀ríntẹ̀rín, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí onígbèsè á fi rówó wọn san. Àwìn tí ẹnikẹ́ni ò ní í torí rẹ̀ lóṣòó síni lẹ́nu ọ̀nà! Ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Báńkì Ẹkùn, báńkì Ìkookò, ilé ìtajà Àgbọ̀nrín tó ní káàdì tirẹ̀, títí dé báńkì Kìnnìún, kò fo ọ̀kan. Ibi gbogbo ló ti kọ fọ́ọ̀mù, ibi gbogbo ni wọ́n ti kọ̀ ọ́.

Lẹ́tà wá ń wọlé. Ti Ẹkùn ní, "A ò rí àkọsílẹ̀ pé ẹ jẹ gbèsè rí." Ti Kìnnìún tó dé gbẹ̀yìn ní, "Ẹ ti tọrọ àwìn lọ́pọ̀ ibi láàárín ìgbà díẹ̀." Ìjàpá kà á, ó tún un kà. Àṣé gbogbo ilẹ̀kùn tó kàn ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú wọn, ipa ẹsẹ̀ náà ò sì ní í parẹ́ títí ọdún 2!

Kì í kúkú ṣe òun nìkan. Bàbá Erin, tó fi owó gidi ra mọ́tò, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láyé rẹ̀, wọ́n kọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ kan náà. Àgbà tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ fọ́mọ nílé, òun ni báńkì ní kó lọ jẹ gbèsè díẹ̀ ná kó tó padà wá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Ta ló ń rojọ́ wọn fún báńkì? Òfin kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1970 tó ní kí ẹni tó bá torí ìròyìn kọ̀ ọ́ dárúkọ ẹni tó mú ìròyìn náà wá. Ayékòótọ́ mẹ́ta ni. Òyìnbó ń pè wọ́n ní Equifax, Experian àti TransUnion. Orí igi ni wọ́n ń gbé, ohun tí ayánilówó bá sọ ni wọ́n ń tún sọ. Wọn kì í bi aládùúgbò léèrè ìwà ẹni. Bí ayánilówó bá ṣì ọ́ mú, àṣìmú náà ni wọ́n á máa ké kiri, àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá kọ̀wé pé kí wọ́n tún un wò. Nínú igbe wọn ni wọ́n ti ń ṣe máàkì kan, láti 300 títí dé 850, èyí tí ilé iṣẹ́ FICO gbé jáde lọ́dún 1989. Sísan gbèsè lásìkò kó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, iye gbèsè tó wà lọ́rùn ẹni kó 30. Owó tó wà lápò rẹ ńkọ́? Òdo.

Ìjàpá dé ìdí igi, ó gbé orin:

Ayékòótọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ mi,
*Kíńjìn, a ò mọ̀ ọ́n!*
Mo ra bàtà, owó ni mo kà sílẹ̀,
*Kíńjìn, a ò mọ̀ ọ́n!*
Mo dá èsúsú, n ò jẹ́ kó yẹ̀,
*Kíńjìn, a ò mọ̀ ọ́n!*
Èmi Ìjàpá, ọkọ Yánníbo,
*Kíńjìn, a ò mọ̀ ọ́n!*

(Irọ́ ni ti èsúsú yẹn. Ó gbà á tán ló sá. Ṣùgbọ́n ká ní òótọ́ ni, wọn ò ní í mọ̀, nítorí Ìyálọ́jà tó ń gba èsúsú kì í bá ẹyẹ sọ̀rọ̀.)

Ìyá Ìgbín ló ṣàánú rẹ̀. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kúulé, mà."

"Ìjàpá, ṣé o ní 200 dọ́là?"

"Mo ní i, mà."

"Gbé e fún báńkì kó jẹ́ ìdógò. Wọ́n á fún ọ ní káàdì tí kò ní í lè ná ju 200 lọ."

"Ẹ̀yin ìyá mi, kí n gbé owó mi fún wọn, kí n tún lọ máa yá a lọ́wọ́ wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí n sì dúpẹ́?"

"Kí o sì san èlé, bí o bá pẹ́ẹ́ san."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ìkarahun rẹ̀ fi ń mì. Ìyá Ìgbín kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó na ìwo kan, ó fi ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, itọ́ rẹ̀ ń dán lójú gíláàsì. Iṣu kan àti epo pupa, dọ́là 17. Ó san án. Oṣù kejì, ata àti ẹja gbígbẹ, dọ́là 22. Ó san án. Bẹ́ẹ̀ ló ń fà á lọ sísàlẹ̀, oṣù lórí oṣù, kò sí ìyàtọ̀ àfi ọbẹ̀. Ó ní, "Má jẹ́ kí gbèsè rẹ kọjá 60 nínú 200 yẹn. San gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Tó bá tó oṣù 6, àwọn ẹyẹ á mọ̀ ọ́."

Yánníbo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń di irun fún Ewúrẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ló kó owó irun dídì, ó gba báńkì lọ.

Oṣù 6 ti pọ̀ jù fún Ìjàpá. Ó lọ bá Ajá pé kó kọ orúkọ òun mọ́ káàdì tirẹ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé orúkọ rere oníkàádì máa ń ran ẹni tó bá fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni, tí oníkàádì bá lórúkọ rere. Káàdì Ajá ti kún dé ọrùn, egungun lóríṣiríṣi ló fi rà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ayékòótọ́ máa dárúkọ Ìjàpá, gbèsè egungun tí kò bá wọn jẹ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi pè é.

Inú bí i, ó lọ fi 200 dọ́là dógò. Lọ́jọ́ tó gba káàdì, ó fi 198 ra àsun. Ṣebí owó mi ló wà lọ́wọ́ wọn, ó ní, kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀. Ìwé gbèsè dé, ó fi dáná èédú. Ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá, báńkì ránṣẹ́ sí igi àwọn ẹyẹ. Owó ìtanràn gun orí gbèsè, èlé tó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún gun orí ìtanràn. Nígbà tí báńkì ti káàdì náà pa, tí wọ́n gbé ìdógò mì, ó ṣì kù tí Ìjàpá jẹ wọ́n.

Ibẹ̀ ló ti rí pátákó Ọ̀bọ: A Ń FỌ KÍRẸ́DÍÌTÌ, Ó Ń MỌ́ LÁÀÁRỌ̀ Ọ̀LA. Ọ̀bọ ní kó san 500 dọ́là kí òun tó fọwọ́ kàn án. Òfin 1996 kan sì wà tó ní ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gbowó kó tó ṣe é. Ọ̀bọ mọ òfin náà dáadáa. Ìjàpá tó fi orin mú Erin lọ sínú kòtò nínú àlọ́ mìíràn, pé ó ń lọ jọba, òun ló ka 500 lé Ọ̀bọ lọ́wọ́ yìí. Ọ̀bọ kọ̀wé sórí igi pé irọ́ ni, Ìjàpá kọ́ ló jẹ àsun. Àwọn ẹyẹ bi báńkì, báńkì mú rìsíìtì jáde. Ìjàpá padà lọ ń wá Ọ̀bọ, ó bá pátákó, kò bá Ọ̀bọ.

Ó tún dé ìdí igi:

Ayékòótọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé mi,
*Kíńjìn, a ti mọ̀ ọ́n!*
Àsun kékeré, ata ló pọ̀ níbẹ̀,
*Kíńjìn, a ti mọ̀ ọ́n!*
Ọdún mélòó lẹ ó máa wí i kiri?
*Kíńjìn, ọdún méje!*

Ní gbogbo àsìkò yìí, ewédú àti ata ni Yánníbo ń fi tirẹ̀ rà. Báńkì dá 200 rẹ̀ padà fún un, wọ́n fún un ní káàdì gidi tó lè ná 1,500. Ìjàpá rí i lórí tábìlì. Ó fi aṣọ nu ẹnu, ó rìn sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Yánníbo, aya mi àtàtà. Kọ orúkọ mi mọ́ ọn."

"Mo ti gbọ́, baálé mi. Kí lẹ máa fi dógò?"

"Èmi tí mo gbé ilé mi sẹ́yìn! Ilé tí mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí rẹ̀!"

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," Yánníbo wí, ó ti káàdì bọ àpò. "Ẹni tí kò yáwó kọ́lé rí, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa san?"