Kakaǹfò Nínú Jàlàbíà

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan ló pa mí lápatúnpa ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn ló sì ti ń pa mí. Orúnkún ṣì ń ro mí, ojú ṣì ń tì mí, àmọ́ bí mi ò bá tètè fẹnu ara mi rò ó, ìyá ọmọ náà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi á bá mi rò ó, tiẹ̀ á sì níyọ̀ ju tèmi lọ.

Kí n má fa ìbẹ̀rẹ̀ gùn. Ọmọ yìí ń ṣe ọjọ́ìbí, ó ní laser tag lòun fẹ́, ìyẹn eré ká máa fi ìbọn oníná lé ara ẹni kiri nínú òkùnkùn, ní ilé-eré kan lápá Lẹ́kí. Mọ́sáláṣí gbogbogbòò tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe ni mo ti jáde lọ síbẹ̀ tààrà. Jàlàbíà funfun ló wà lọ́rùn mi. Ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́ tí kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Mi ò yà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Kí ni màá máa pààrọ̀ aṣọ fún? Ṣebí eré ọmọdé ni.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù pé bí a bá fẹsẹ̀ kọ, kò kàn wọ́n. Mo kọ àdírẹ́sì mi síbẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Háà, Dádì, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni yín? Ẹ ò nílò kí ẹnì kankan kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yìnbọn nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí báyìí tí mò ń kọ ọ́. Ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni bàbá mi tà ní Òkè Àrìn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Télọ̀, aáfáà, oníṣòwò, agbẹjọ́rò, olùkọ́, gbogbo wọn ló kún inú ilé tí mo dàgbà sí lẹ́bàá Ẹnu Ọ̀wá. Ṣùgbọ́n ká ṣáà ti dárúkọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ojú ìgò àti àdá ni wọ́n á fi máa wo èèyàn. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni mo fẹ àyà. Nígbà tó bi mí pé orúkọ wo ni mo fẹ́ máa jẹ́ lójú ogun, kó lè tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo ní, “Kakaǹfò.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ìgbà tí ìyà ti jẹ mí tán ni mo tó lọ wádìí rẹ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, George Carter, ló wo fíìmù Star Wars ní 1977 tí eré yìí wá sí i lọ́kàn, tó sì ṣí ilé-eré tó pè ní Photon ní ìlú Dallas ní 1984. Ìbọn náà kò ní ọta. Ìtànṣán infrared ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ojú wa kò sì lè rí i. Ìlà pupa tó ń ṣẹ́ yẹ̀rì nínú èéfín gbọ̀ngán eré yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Nọ́ńbà ẹni tó yìnbọn ló wà nínú ìtànṣán tí a kò rí. Wọ́n á gbé ẹ̀wù kan kọ́ ọ lọ́rùn (tèmi ṣì tutù fún òógùn ẹni tó bọ́ ọ sílẹ̀), ojú kéékèèké tó ń gba ìtànṣán wà láyà rẹ̀, léjìká àti lẹ́yìn. Bí wọ́n bá bà ọ́, ẹ̀wù á gbọ̀n rìrì, iná rẹ̀ á kú, ìbọn rẹ á ya odi. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, o jí, ẹ̀wù sì tún tàn. Kọ̀ǹpútà ti kọ ẹni tó pa ọ́ sílẹ̀.

Ọgbọ́n tí mo gbé wọlé, ti bojúbojú ni. Nígbà tí wọ́n bá múná lọ ní àdúgbò wa láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fara ti ògiri tí kò mí gúlẹ́ lẹnikẹ́ni kì í rí. Mo wá igun tó ṣókùnkùn jù, mo fara ti ògiri, mo séèmí. Ẹ̀wù gbọ̀n. Mo kú. Mo jí, mo tún dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀wù gbọ̀n. Mo sá lọ sí igun mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún bà mí. Mo ti ń mú un dá ara mi lójú pé ẹ̀wù yìí ló bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ kan lókè àtẹ̀gùn: “Èyọ̀ nìyẹn o! Èyọ̀ wà lẹ́yìn ògiri!”

Mo wo ara mi. Láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, mò ń tàn.

Ultraviolet ni iná inú gbọ̀ngán náà. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ló ní èròjà kan tó ń mú funfun dán: ó ń gba ultraviolet tí ojú kò rí, ó ń tú u jáde ní ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ojú ń rí. Nínú oòrùn, aṣọ á kàn funfun nini. Nínú òkùnkùn, lábẹ́ iná yẹn, aṣọ fúnra rẹ̀ á di àtùpà. Àwọn ọmọ tó kù wọ dúdú. Èmi nìkan ni mo dá dúró gbàgede bí Èyọ̀ tó ṣìnà kúrò ní Ìdúmọ̀tà. Láti 1854 tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Èyọ̀ jáde fún Ọba Akítóyè, mi ò rò pé wọ́n tíì fi Èyọ̀ kankan wọ́lẹ̀ tó báyìí. Bí Èyọ̀ bá ń bọ̀, àwa a máa bọ́ bàtà, onísìgá a máa pa iná, onírun ṣùkú a máa sá wọlé. Àwọn ọmọ yìí ń yìn mí níbọn, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá gbọ́n àgbọ́njù: mo fa apá jàlàbíà, mo fi bo ojú tó wà láyà ẹ̀wù. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi ké: “Kakaǹfò! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi aṣọ bo àyà yín.” Gbogbo àwọn òbí tó wà níta gbọ́. Ohun tó tún burú ni pé infrared máa ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Mo ya ọ̀jẹ̀lú, mi ò sì rí nǹkan kan jẹ.

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ọkùnrin gìrìwò kan, aṣọ rẹ̀ ń tàn bíi tèmi, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí mi. Ọkàn mi balẹ̀: èèyàn kan tún wà tó ti Jímọ̀ dé! Mo yìnbọn. Òun náà yìn ín. Kò kú, èmi náà kò sì kú. Mo kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò fún mi láyè. Láàárín kan, ẹ̀wù mi ń gbọ̀n lemọ́lemọ́, mo sì ń yìn ín ṣáá fún ọwọ́ rẹ̀ tó yá. Nígbà tó yá, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Ọmọdé ló ń fojú wa gbolẹ̀.”

Ohùn kan jáde lẹ́yìn mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá: “Dádì Ìdúmọ̀tà, dígí nìyẹn o.”

Ọmọ ọlọ́jọ́ìbí ni. Ó ti jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ta ẹsẹ̀ síwájú, gbogbo ìgbà tí mo bá jí ló ń dá mi padà sí sàréè.

Wọ́n gbé èsì sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá níwájú gbogbo ayé. Kakaǹfò ló gbẹ̀yìn. Ẹni tí mo pa: òdo. Máàkì mi wọ gbèsè. Mo lọ bá ọmọkùnrin ìdí tábìlì, inú sì ń bí mi gidi, kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀ mọ́. Mo bi í pé ṣé kò rí ohun tí mo wọ̀ nígbà tó ń gbowó lọ́wọ́ mi ni. Ó ní, “Dádì, mo rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe ni. Ṣebí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni yín.”

A tún ń lọ lópin oṣù. Nǹkan ọ̀hún ti wọ̀ mí lára. Mo ti lọ sí Balógun ra ṣòkòtò dúdú àti ẹ̀wù dúdú, bàtà náà dúdú. Ìyàwó mi ní aṣọ ọjà ò mọ́, kí n kó o wá kí òun fi ọṣẹ ṣan eruku ara rẹ̀. Mo kó aṣọ náà sínú àpótí, mo tì í pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.