Kọ́kọ́rọ́ Ìdí Akápò

(Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Akápò jókòó ti àpótí owó. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ń dún woroworo bó bá ti mí. Akọ̀wé gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wọlé. Inú ti ń bí i kó tó dé ẹnu ọ̀nà.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Akápò. Ara ò le bí?

AKÁPÒ: Kò sówó.

AKỌ̀WÉ: Mi ò tíì sọ nǹkan kan!

AKÁPÒ: Kíkí rẹ ti gùn jù. Ẹni tí kò bá bá owó wá, "ẹ ǹlẹ́" ló máa ń wí.

AKỌ̀WÉ: Ọ̀rọ̀ sáfà íméèlì wa ni. Àwọn ọmọ Yahoo ti wọnú rẹ̀. Láti àná ló ti ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé pé ẹgbẹ́ wa jogún góòlù. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń da íméèlì wa padà báyìí.

AKÁPÒ: Góòlù wo? Ta ló kú?

AKỌ̀WÉ: Ẹnikẹ́ni ò kú!

AKÁPÒ: Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ ti máa ń fi nǹkan pamọ́ fún akápò jù.

AKỌ̀WÉ: Sọ́fúwíà tó wà níbẹ̀ ti gbó, Bàbá. Ká yan òmíràn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ti lé ní 6,000, ọjọ́ kan náà là ń fi àkáǹtì gbogbo wọn ránṣẹ́ níparí oṣù. Exchange wà, ti Microsoft. Èèyàn á sanwó sáfà, á tún san ti orí kọ̀ọ̀kan tó bá ń lò ó.

AKÁPÒ: (ó di àpótí mú) Owó orí? Torí owó orí làwọn Àgbẹ́kọ̀yà ṣe dìde lọ́dún 1968!

AKỌ̀WÉ: Ẹ fara balẹ̀. Èmi náà ò tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, kí Microsoft tó gbé àtúnṣe ihò ààbò kan jáde, àwọn olè ti gba ibẹ̀ wọ sáfà àwọn oníbàárà kan.

AKÁPÒ: Ká san owó orí tán, kí olè tún wọlé! Òmíràn.

AKỌ̀WÉ: Qmail, tí Daniel Bernstein kọ. Lọ́dún 1997, ó fi 500 dọ́là lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè rí ihò ààbò nínú rẹ̀.

AKÁPÒ: Akápò wo ló buwọ́ lù ú?

AKỌ̀WÉ: Owó ara rẹ̀ ni! Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ẹ̀dà 1.03, tó gbé jáde lọ́dún 1998, ló dáwọ́ dúró sí.

AKÁPÒ: Èmi ti fẹ́ràn rẹ̀. 1998 ni mo dá agbádá tó wà lọ́rùn mi yìí.

AKỌ̀WÉ: Ó hàn. Ohun tí íméèlì ń béèrè ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ lo Qmail lónìí, abulẹ̀ lórí abulẹ̀ ni, bí agbádá yẹn gan-an. Èyí tí mo fẹ́ ni Postfix. Wietse Venema, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ ọ́ nígbà tó wà ní IBM.

AKÁPÒ: Eélòó?

AKỌ̀WÉ: Ọ̀fẹ́ ni.

AKÁPÒ: Ó wọ́n jù.

AKỌ̀WÉ: Bàbá, mo ní ọ̀fẹ́!

AKÁPÒ: Mo gbọ́. Eélòó ni jálẹ̀?

AKỌ̀WÉ: Ta ló ń dín òdo kù?

AKÁPÒ: O ò mọ ọjà ná. Tí wọn ò bá dín in, kí wọ́n fi ènì sí i.

AKỌ̀WÉ: Ó dáa, Dovecot ni ènì rẹ̀. Postfix á máa gba lẹ́tà, á máa rán an. Dovecot á máa tọ́jú àpótí lẹ́tà àwa òṣìṣẹ́, ká lè ṣí i lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ lòun náà.

AKÁPÒ: (ó rẹ́rìn-ín, nǹkan tí ẹgbẹ́ ò rí láti ìpàdé ọdọọdún tó kọjá) O ti wá ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ Postfix lo yàn?

AKỌ̀WÉ: Torí kọ́kọ́rọ́ ni.

(Akápò fọwọ́ bo ìdí.)

AKỌ̀WÉ: Láyé ọjọ́un, Sendmail ló gbòde. Eric Allman ló kọ ọ́ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà. Òun ló ń dá àlejò lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń to lẹ́tà, òun ló ń pín in, agbára root, ìyẹn agbára ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, ló sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i tàn jẹ lẹ́nu ọ̀nà ti di baálé ilé nìyẹn. Nígbà tí Robert Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Cornell, tú kòkòrò sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, Sendmail wà lára ibi tí kòkòrò náà gbà wọlé.

AKÁPÒ: Kí ló wá burú nínú kí ẹnì kan di gbogbo kọ́kọ́rọ́ mú?

AKỌ̀WÉ: Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

AKÁPÒ: Bẹ́líìtì mi lò ń wò!

AKỌ̀WÉ: Kọ́kọ́rọ́ àpótí owó, ti gbọ̀ngàn, ti jẹnẹrétọ̀, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀! Nípàdé tó kọjá, ẹ sùn lọ, alága ń fò lẹ́sẹ̀ kan lẹ́nu ilẹ̀kùn.

AKÁPÒ: Ọṣẹ ló ń sọ nù níbẹ̀!

AKỌ̀WÉ: Postfix ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pín iṣẹ́. Èyí tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, smtpd lorúkọ rẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Bí olè bá tiẹ̀ dì í lọ́rùn mú, ìwọ̀nba ni ohun tó lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn ń yẹ lẹ́tà wò, òmíràn ń darí ìlà, òmíràn ń gbé e lọ. Kò sí èyí tó fọkàn tán èkejì.

AKÁPÒ: Kò sí èyí tó fọkàn tán èkejì? Àṣé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni!

AKỌ̀WÉ: Bí lẹ́tà 6,000 bá dà lé e lórí, á tò wọ́n, á máa rán wọn lọ. Èyí tí wọn ò bá tíì gbà, á máa gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kó tó dá a padà.

AKÁPÒ: Ọjọ́ márùn-ún péré? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lé Ìyá Ẹlẹ́ran.

AKỌ̀WÉ: Bí a bá sì di 20,000, a ò ní ju ti àkọ́kọ́ nù. A óò gbé sáfà kejì tì í, ká kọ méjèèjì sínú DNS, ìwé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan bá dákú, ọ̀dọ̀ èkejì ni lẹ́tà á gbà.

AKÁPÒ: Ta ló máa gbé sáfà kejì kalẹ̀? Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà?

AKỌ̀WÉ: Ibi tí mò ń bọ̀ nìyẹn. Sọ́fúwíà ló jẹ́ ọ̀fẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ wo Exim tí Philip Hazel kọ ní Cambridge. Wọ́n rí ihò ńlá nínú rẹ̀ lọ́dún 2019, àtúnṣe sì jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí kò ní ẹni tí yóò gbé àtúnṣe náà sí i lolè kó lẹ́rù. Láti oṣù kejì ọdún 2024 pàápàá, ẹni tó bá ń rán lẹ́tà 5,000 sí Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, tó ń sọ ẹ̀rọ tó lè fi orúkọ wa ránṣẹ́. DKIM tó jẹ́ òǹtẹ̀. Àti DMARC, tó ń sọ bí wọn yóò ṣe ṣe arúfin. Ẹnì kan ló máa tò wọ́n.

AKÁPÒ: Ta ni?

AKỌ̀WÉ: Èmi. Èmi nìkan ló sì máa mọ páswọ́ọ̀dù root.

AKÁPÒ: (ó fò dìde, kọ́kọ́rọ́ dún gìrọ̀) Sendmail!

AKỌ̀WÉ: Bàbá?

AKÁPÒ: Ìwọ gan-an ni Sendmail! Ìwọ lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ní yàrá, ìwọ nídìí root! Lẹ́tà mélòó ni páswọ́ọ̀dù náà?

AKỌ̀WÉ: Ogún.

AKÁPÒ: Mẹ́wàá tèmi, mẹ́wàá tìẹ. Bí mo bá ń tẹ tèmi, kó o kọjú sí ògiri.

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà? Mo ní láti kọ́kọ́ kọ́ yín ní títẹ̀ ná.

AKÁPÒ: Eélòó ni wàá gbà?

AKỌ̀WÉ: Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá. Ọ̀fẹ́!

AKÁPÒ: Ènì ńkọ́?