Bàbá Má-Jù-Ú-Nù

Àdúgbò yòówù tí ilé àtijọ́ bá ti ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn, ìbáà ṣe Bódìjà Àtijọ́ n'Ìbàdàn, ìbáà ṣe Ìbarà l'Abẹ́òkúta, Bàbá Má-Jù-Ú-Nù kan ń bẹ níbẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ṣòkòtò péńpé ló fi ń rìn kiri àgbàlá, tépù ìwọnlẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bíi tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ àáfà. Bí o kò bá mọ ilé rẹ̀, wá ilé tí ilẹ̀kùn tó fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà lára ilé gan-an lọ.

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni kò ti ju nǹkan kan nù. Ìjókòó ẹ̀yìn Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ń bẹ ní bọ́ìsì kọ́tà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti dolóògbé tipẹ́. Ilẹ̀kùn fìríìjì tí kò ní fìríìjì mọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ irin Singer tí ìyá rẹ̀ fi ránṣọ ń bẹ níbẹ̀, àti páànù tó ti dípẹtà, àti agolo ọ̀dà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di òkúta. Bí Màámi, ìyàwó rẹ̀, bá ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù wọlé, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹ má jù ú nù. Yóò wúlò."

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ ni pé Bàbá lọ kí ọmọ ní Houston. Aládùúgbò ọmọ náà fi pákó àlòkù sọ ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí di yàrá àlejò, Bàbá sì béèrè iye tí wọ́n ń san fún un lálẹ́ kan. Ó ṣẹ́ ẹ sí náírà lórí ibùsùn. Kò sùn mọ́. Ọjọ́ tó padà dé, kó tó bọ́ bàtà, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ.

Ká má purọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ bọ́ìsì kọ́tà nítorí àlejò. Lọ́dún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tó kọ́ Bódìjà sílẹ̀, ọgbọ́n àwọn òyìnbó amúnisìn náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ: ọ̀gá níwájú, ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn. Yàrá tóóró, fèrèsé tó dojú kọ ògiri. Wọ́n kọ́ ọ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè gbọ́ ìpè. Bóyá yóò rí oorun sùn kò kàn wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló wá ń gbé yàrá kan nínú ti Bàbá, tó ń san owó ilé láìjẹ gbèsè. Bàbá fún un ní nótíìsì, kí àlejò lè ráyè wọlé.

"Bàbá Fúnkẹ́, àlejò wo lẹ ń retí?" ni Màámi bi í.

"Èyí tó ń bọ̀."

Káfíńtà dé. Bàbá kó ilẹ̀kùn ìrókò jáde, ó sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti tú u àti ọdún tí wọ́n tú u. Ká sòótọ́, ìrókò àtijọ́ kì í ṣe oúnjẹ ikán, kò sì sí ẹni tó lè ja Bàbá níyàn nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n pákó àjà tó tò tì í, arère ni. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ọ̀dà nìkan ló di ìyókù mú. Ìrókò náà sì ní tirẹ̀. Ìṣó tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ kì í hàn sójú. Eyín ayùn ló ń kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá, tó bá jẹ́ pákó tuntun lẹ rà, mi ò bá ti ṣe tán."

"Ọ̀fẹ́ ni mo fún ẹ ní pákó, o tún ń fowó kún owó iṣẹ́?"

"Pákó lọ̀fẹ́, Bàbá. Ayùn kì í ṣọ̀fẹ́."

Ìṣó tí wọ́n yọ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ọmọ iṣẹ́ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi òòlù nà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí wọ́n fi tọ́. Màámi ló ṣírò rẹ̀ pé owó oúnjẹ ọmọ náà ti ra ìṣó tuntun ní kílò-kílò. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé lọ.

Ti asbestos nìkan ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n fi bo orí ilé náà, bí wọ́n ti fi bo ọ̀pọ̀ ilé ayé ìgbà náà. Bàbá ní kí wọ́n fi ayùn gé e, kí òun fi dá ilé ìwẹ̀ sí méjì. Eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó, ó sì lè lé ní 20 ọdún kí àìsàn tó yọjú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Káfíńtà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi omi rin ín, wọ́n tú u lódindi, Bàbá sì tò ó sẹ́yìn táǹkì. Yóò wúlò.

Yàrá parí, tàbí kó jẹ́ pé owó ló parí. Ìjókòó 504 di àga ìgbafẹ́. Ẹsẹ̀ Singer gbé básíà ìfọwọ́. Fèrèsé jẹ́ ti káwúńtà bánkì kan tí wọ́n wó, ihò tí wọ́n ń gbà na owó síni ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń gbà wọlé. Fọ́tò rẹ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ènìyàn ń tẹ àtàǹpàkò sí i. Kò sẹ́ni tó tẹ owó sílẹ̀.

Àlejò kan ṣoṣo ló dé, àbúrò Màámi tó ti Ìlọrin wá síbi ìgbéyàwó. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kó jókòó. Ó ní kó fọwọ́ kan pákó, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sọ iye ọdún tó rò pé ó jẹ́. Wọ́n dé ìdí ilẹ̀kùn kẹta, aago ti lu méjìlá. Páànù tí wọ́n fi rọ́pò asbestos lórí ilé mú ooru ọ̀sán pamọ́ de ọkùnrin náà. Ní àfẹ̀mọ́jú, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ti bá òun gba òtẹ́ẹ̀lì ní Mọ́kọ́lá, ó kí àna rẹ̀ tìyìn-tìyìn, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ kan, kò sì padà wá mú un.

Bàbá kò jù ú nù.

Ẹni tó ń sun yàrá náà báyìí ni káfíńtà, nítorí iṣẹ́ kékeré tó kù kì í tán, ilé rẹ̀ sì jìn. Inú Bàbá kò dùn sí i. Láìpẹ́ yìí ló pè é, ó ní tí ilé ayé bá rí bó ṣe yẹ, ó yẹ kó máa san nǹkan fún òun lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì dá iye Houston fún un.

"Kò burú, Bàbá," ni káfíńtà wí. "Ẹ yọ ọ́ nínú owó tí ẹ jẹ mí. Ẹ ó máa gbà mí lálejò títí di ọdún tó ń bọ̀."