Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn àgbẹ̀ ló ni òwe yìí, ìkìlọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe: imú á kọ́kọ́ yọjú lára ọgbà, orí á tẹ̀ lé e, kí olóko tó ta jí, iṣu ti wọ ikùn ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti kíka ìwé D. O. Fágúnwà fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹlẹ́dẹ̀ yìí gan-an ló mọ̀ ọ́n ṣe: orí kan lónìí, orí kan lọ́la, títí gbogbo ara á fi wọlé. Ẹlẹ́dẹ̀ òde òní ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Kò tíì dé ìdí ọgbà tó ti ń ròyìn bí iṣu náà ṣe dùn tó.

Ìtàn àròsọ márùn-ún ni Fágúnwà kọ, ọmọ Òkè-Igbó tí wọ́n bí ní 1903. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ló ṣíwájú ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ọdún 59 ni iwin àti ẹbọra ti ń jà nínú ìwé Yorùbá kí ayé tó gbọ́ orúkọ Harry Potter.

Ìwé àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́ni bí a ṣe ń kà á. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn inú rẹ̀, kò da ìtàn náà lé òǹkọ̀wé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá, ó ní kí ọ̀gbẹ́ni mú gègé àti ìwé, ó sọ tirẹ̀ dé ibì kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, èrò ti ń dúró dè é. Lọ́jọ́ kẹta, èrò ti pọ̀ ju ti àná lọ. Lílọ tó lọ yẹn ló pe èrò. Ẹni tó bá sì ka ìwé náà dé ibi tí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ti yọ, tó pa ìwé dé, tó lọ sùn, yóò mọ ohun tó ń ṣe àwọn èrò ọjọ́ kejì.

Ní Old Garage ní Òṣogbo, ó yẹ kí irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ rọrùn. Kí kórópe tó kún, orí kan ti lè tán, nítorí “ó ku ẹnì kan” tí agbèrò ń pè, ẹni mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Fóònù ni ọ̀pọ̀ èrò ń tẹ̀. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Fágúnwà níbẹ̀, ìtàn inú ìwé ní ṣókí ni yóò wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà mẹ́wàá, ó ti mọ ẹni tó kú àti ẹni tó bọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó ti ń bá ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé àkọ́kọ́ náà, òun náà ni yóò sì borí, nítorí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ka ìwé náà lóòótọ́, ó ṣì ń rántí bó ṣe lọ.

Òmíràn á ní òun ti wo eré rẹ̀. Wálé Ògúnyẹmí fi ìtàn yìí ṣe eré Langbodo tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní Èkó ní 1977, eré gidi sì ni. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe kíkà. Ẹni tó ka ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí èdè Òyìnbó ní 1968 ṣì sàn. Òun kúkú ṣí ìwé.

Ká má purọ́, Fágúnwà náà máa ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Ọjọ́ méje ni Ìrágbèje fi ń kọ́ àwọn ọdẹ lọ́gbọ́n lórí Òkè Láńgbòdó, ibẹ̀ sì gùn. Ẹni tó bá fo ojú-ìwé méjì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní pè é lẹ́jọ́. Ẹni tó fo gbogbo rẹ̀ ni kò tíì dé Òkè Láńgbòdó.

Àwọn kan tún wà tí ọgbọ́n wọn pọ̀ ju ti òǹkọ̀wé lọ. Wọ́n gbọ́ pé ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ló wà nínú Igbó Olódùmarè, wọ́n ní ká kúkú ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí bàbá ló ṣáájú ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ni Fágúnwà kọ́kọ́ fi hàn wá. Nínú ìwé ọmọ la ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa bàbá tó yìnbọn fún ẹran nínú igbó, tó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ títí dé ilé ara rẹ̀, tó bá a pé ìyàwó òun lòun yìn. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni a tó rí ọkùnrin yìí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí ayé ṣì dùn mọ́ ọn. Ẹni tó dorí ètò náà kodò ti pàdánù ìbànújẹ́ tó wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀rín inú ìwé kejì.

Omi ló gbé Fágúnwà lọ ní Wuya, ní oṣù Kejìlá 1963. Ẹni tó bá sáré tú márààrún wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ìkẹfà tí yóò tún rí kà.