Zandvoort, Kí Ni Mo Fi Ṣe Yín?

Ẹ bá mi bi àwọn ará Nẹ́dálándì: kí ni mo fi ṣe wọ́n? Nínú gbogbo pápá eré ìje ọkọ̀ tí mò ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, Zandvoort tó wà láàárín òkìtì yanrìn létí òkun ni mo yàn láàyò. Àfi bí wọ́n ṣe kéde pé eré Formula 1 ti ọdún 2026 ni àṣekẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ò ran àwọn lọ́wọ́, kí àwọn má baà wọ gbèsè, àwọn á lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì dùn.

Pápá tó jẹ́ pé ikú ti ń yẹ̀ lórí rẹ̀ tipẹ́! Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì wó ilé àti òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ìlú náà palẹ̀. Ìtàn ní olórí ìlú, Van Alphen, dọ́gbọ́n fi àwókù ilé ṣe ọ̀nà gbọọrọ kan. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn Jámánì yóò ti máa yan bí wọ́n bá ṣẹ́gun. Wọn ò ṣẹ́gun, ọ̀nà náà sì di ara pápá eré ìje. Ní 1948, Bira, ọmọ ọba ilẹ̀ Thailand, ló gba ipò kìíní nínú eré àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Làwọn ará àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ariwo. Ariwo kẹ̀! Ẹ wá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi láago méjì òru, kò sì sẹ́ni tó ń gba ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀.

Ní 1985, nínú eré Formula 1 níbẹ̀, Niki Lauda fi ohun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣíwájú Alain Prost, lẹ́yìn náà owó tán, Formula 1 sì lọ. Wọ́n gé lára ilẹ̀ náà fún ilé ìgbafẹ́, pápá tó ju kìlómítà mẹ́rin lọ di 2.6. Ó gba ọdún 36 kí Formula 1 tó padà. Kó tó padà pàápàá, àwọn tó ń gbèjà ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá inú yanrìn gbé ọ̀rọ̀ àtúnṣe pápá náà lọ sí kóòtù. Ọ̀pọ̀lọ́ tí mọ́tò ti tẹ̀ pa lójú títì wa ńkọ́, ta ló gba lọ́yà fún wọn? Kóòtù ní kí iṣẹ́ máa lọ. Kòrónà tún gbé eré 2020 lọ.

Ní 2021, Max Verstappen ọmọ onílé ló gba ipò kìíní, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Kọ́nà tó kẹ́yìn dagun ní dígírì 18, ọkọ̀ á fẹ̀gbẹ́ gùn ún bí ẹni ń gun ògiri. Atẹ́gùn òkun á máa da yanrìn sójú ọ̀nà. Àwọn tó sì ń lọ wo mọ́tò kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò wọ̀lú. Rélùwéè àti kẹ̀kẹ́ ni.

Lóòótọ́, ọ̀nà ibẹ̀ há, ìyípo 72 sì pọ̀. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá náà ló tún ń bọ̀ yìí?” Mo ní kó jẹ́ ká gbọ́ràn.

Wọ́n ní pápá ò ní kú, àwọn ọkọ̀ mìíràn á ṣì máa sáré níbẹ̀. Ìyẹn ò kàn mí. Ẹni tó bá mọ ẹnikẹ́ni ní Zandvoort, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.